Bí Hatsue Ṣe Mú Ọkọ Rẹ̀ Lọ Bá Òrìṣà Òjòwú

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Hatsue fi jẹ́ ìyàwó ọkùnrin tí kì í sí nílé, ó sì gbádùn rẹ̀ gan-an. Tomezo ọkọ rẹ̀ ni ó ń bójú tó ẹ́ńjìnnì nínú ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ńlá tí ó máa ń lọ pẹja ní òkun ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá ti lọ báyìí, ó di ìgbà tí yìnyín bá tún bo òrùlé kí a tó fojú kàn án. Yóò dé, yóò sùn bí òkú, yóò mu ọtí ìrẹsì, yóò tún ilẹ̀kùn tí kò bàjẹ́ ṣe, yóò sì tún lọ. Hatsue á sìn ín dé èbúté Namiura tayọ̀tayọ̀, á ra ohun dídùn bọ̀ láti ọ̀nà, á sì wá jókòó tì mí kí a jọ jẹ ẹ́.

Ilé wa ni ó fara kan tiwọn. Èmi ni Ritsu tí ó ń ta tíì àti àkàrà ìrẹsì tí a yan lórí èédú ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ojúbọ Ìyá Erékùṣù. Ohun tí mo bá sì sọ nípa tọkọtaya yìí, yálà mo fi ojú mi rí i, tàbí Hatsue sọ ọ́ fún mi lórí ọgbà, tàbí Tomezo fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ilé rẹ̀, tí mo gbọ́ ọ láti inú tèmi.

Nítorí ẹ́ńjìnnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba etí Tomezo tán. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri kan, wọ́n sì kí i pé ó ṣeun. Ó gbé aago náà kọ́, ó jókòó sábẹ́ rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Àwọn ọkùnrin kan wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó máa ń pàṣẹ fún láti àárọ̀ dalẹ́. Nílé, kò sí ọkùnrin kankan. Hatsue nìkan ni ó wà.

Ó kọ́kọ́ kọ́ Hatsue bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ó ń la ẹja, ó ní ọ̀bẹ náà kò dúró bí ó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ẹja gbígbẹ Hatsue ni àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá rà. Kò sì pè é lórúkọ rí. "Òì" ni ó ń pè é, bí gbogbo ọkọ àdúgbò wa ṣe ń pe ìyàwó wọn. Bí Tomezo bá sì ti fi ohùn rẹ̀ yẹn ké "Òì" láti abẹ́ aago, obìnrin bíi mélòó kan ni yóò jáde síta ní òpópónà wa láti mọ ohun tí ọkọ wọn ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ológbò ni ó wá dá gbogbo ẹ̀ rú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Hatsue lọ sí ọjà ẹja, Tomezo dìde níkẹyìn. Ó wo àwọn pẹpẹ tí ìyàwó rẹ̀ ń sá ẹja sí, ó gbé ìka sókè wo ibi tí atẹ́gùn ń gbà, ó sì kó gbogbo pẹpẹ náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítorí pé ibẹ̀ ni atẹ́gùn dára jù. Òótọ́ ni pé atẹ́gùn dára níbẹ̀. Ògiri yẹn náà ni gbogbo ológbò Namiura ń gbà kọjá. Nígbà tí Hatsue fi máa dé, orí ẹja nìkan ni ó kù, ológbò kan sì wà tí kò lè fò mọ́ nítorí pé ó ti yó jù. Tomezo ń sùn lábẹ́ aago. Etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan.

Hatsue kò pariwo. Ó gba ilẹ̀, ó fọ pẹpẹ, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ritsu," ó ní, "mo fẹ́ mú Bàbá lọ sójúbọ."

Ọkọ rẹ̀ ni ó ń pè ní Bàbá. Mo bi í pé ta ni yóò dúró lọ́dọ̀ mi nínú àwọn méjèèjì. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò dúró. Ṣíbí tí mo fi ń bu tíì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kò sí ọmọ Namiura tí kò mọ̀ pé òrìṣà wa, Ìyá Erékùṣù, máa ń jowú. Kò fẹ́ rí tọkọtaya níwájú òun pọ̀. Bí ìyàwó bá gun òkè lọ júbà, ọkọ yóò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, yóò máa jẹ àkàrà. Bí ìyàwó bá sọ̀ kalẹ̀, ọkọ yóò gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí wa ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń ṣe. Ọmọ ẹni tí ń ta tófù, ìyẹn wàrà ẹ̀wà sóyà, láàárín ìlú fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan, ó fa ọwọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gòkè níṣojú gbogbo ayé. Kí ìgbà òtútù tó dé, ọmọbìnrin náà ti bá ẹni tí ń fọ aṣọ lọ sí Osaka.

"Mi ò ní kí ó pa á lára," Hatsue wí. "Kí ó kàn sún un kúrò lọ́dọ̀ mi díẹ̀ ni."

Ó ní bí òun bá ní òun fẹ́ kọ ọkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ orí òun, ojú yóò ti ọmọ òun obìnrin tí ó wà ní Nagoya, àwọn àna rẹ̀ yóò sì máa fojú burúkú wò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òrìṣà ni ó ṣe é, ta ni yóò bá òun wí?

Ó ti to irọ́ tí yóò fi tan Tomezo jáde nílé sílẹ̀ dáadáa. Yóò sọ pé ojú ọjọ́ dára, pé àwọn òdòdó igi ṣẹ́rì ti tanná, pé àlá kan wá bá òun. Kò rí ọ̀kan lò níbẹ̀. Bí ó ti ní "Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sójúbọ," ọkùnrin náà ti ń wá fìlà rẹ̀ tí ó dára jù. Ó fá irùngbọ̀n. Ó fọ bàtà. Hatsue sọ fún mi lórí ọgbà pé bóyá àìsàn ni ó fẹ́ ṣe é.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá, òkun ti fà sẹ́yìn, iyanrìn tí a ń gbà dé erékùṣù tí ojúbọ wà ti yọ. Mo rí wọn láti òkèèrè, Tomezo níwájú, Hatsue lẹ́yìn, fìlà dáadáa lórí ọ̀kan, ìborùn tuntun lórí èkejì. Wọ́n kí mi, wọn ò dúró. Mo fi ẹni tí ó ń bá mi fọ ife ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé àkàrà ìrẹsì díẹ̀ sórí àwo bí ẹni tí ó fẹ́ fi ṣe ọrẹ, mo tẹ̀lé wọn. Ta ni yóò jókòó sílẹ̀ níbẹ̀?

Wọ́n kò tíì kọjá ẹnu-ọ̀nà pupa tán tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Níbi omi ìwẹwọ́, Tomezo ní ọwọ́ òsì ni wọ́n ń kọ́kọ́ fọ̀. Hatsue ní òun ti ń fọ ọwọ́ níbẹ̀ láti ìgbà tí òun wà lẹ́yìn ìyá òun. Ó fọ ọwọ́ òsì, bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, Tomezo sì ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, o ti gbọ́ báyìí." Lórí àtẹ̀gùn, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ya àwòrán ọkọ̀ wọn sórí pákó, tí wọ́n fi dúpẹ́ pé ìjì kò gbé wọn lọ, ó dúró níwájú èyí tí ó pẹ́ jù nínú wọn, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń wá yà ní fọ́tò. Ó ní ẹni tí ó yà á kò mọ ibi tí ọkọ̀ ń gbé ìtọ́kọ̀ sí. Ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò máa yí po lójú kan ni. Àwọn arúgbó kan láti ìlú mìíràn wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀sì kó wá láti wo ojúbọ, fìlà aláwọ̀ ọsàn lórí gbogbo wọn. Gbogbo wọn yíjú wo àwòrán náà. Ọ̀kan nínú wọn ní òótọ́ ni.

Wọ́n dé iwájú ojúbọ gan-an, lábẹ́ okùn koríko ńlá tí ó nípọn ju itan ọkùnrin lọ. Ilé pákó yẹn ti dúdú. Atẹ́gùn òkun ti jẹ ẹ́ láti ìgbà tí àwọn ọ̀gágun ṣì ń fi idà jà ní ilẹ̀ yìí. Èèyàn kì í déédéé pariwo níbẹ̀. Àwọn arúgbó náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Tọkọtaya náà ju owó ọrẹ sínú àpótí, wọ́n fa agogo, wọ́n tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì pa ojú dé. Hatsue ń gbàdúrà sínú. Ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì.

Tomezo náà ń gbàdúrà sínú. Ó dá a lójú pé inú ni.

"Ìyá Erékùṣù," ohùn rẹ̀ gba gbogbo òkè náà kan, àwọn ẹyẹ sì fò kúrò lórí igi, "èmi Tomezo ni. Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Láti ìgbà tí mo ti gbéyàwó, mi ò bá a wá síwájú yín rí, torí wọ́n ní ẹ máa ń jowú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jowú lónìí."

Hatsue la ojú.

"Obìnrin náà dáa o. Ẹja rẹ̀ dáa. Àmọ́ ó máa ń gbálẹ̀. Ibi tí mo bá jókòó sí gan-an ló máa ń gbá. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń bọ̀ wá sí tòsì. Nínú ọkọ̀, mo ní ibùsùn kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kì í gbálẹ̀ dé. Irú rẹ̀ ni mo ń wá. Ẹ má pa obìnrin náà lára. Ẹ kàn sún un kúrò lọ́dọ̀ mi díẹ̀."

Ó tẹrí ba, ó tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa, ó sì yí padà pẹ̀lú ojú ẹni tí ó ti parí iṣẹ́. Ó rí gbogbo àwọn onífìlà ọsàn tí wọ́n ń wò ó. Ìyá arúgbó kan nínú wọn ti fi aṣọ ìnujú di ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Tomezo bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ló dé.

Hatsue sún mọ́ etí rẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ kí Tomezo gbọ́ ọ̀rọ̀, àfi kí ó pariwo, nítorí náà gbogbo wa ni a gbọ́ ìdáhùn náà.

"Gbogbo wa ti gbọ́ ohun tí ẹ tọrọ."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Inú ọkàn mi ni mo ti sọ ọ́."

"Ọkàn yín ń pariwo, Bàbá."

Ojú Tomezo pọ́n dé etí. Ó wo bàtà tí ó fọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rántí pé ìyàwó òun náà pa ojú dé, ó sì bi í pé kí ni ó tọrọ ní tirẹ̀. Hatsue kọ́kọ́ wo ojúbọ, ó wo èmi, ó wo àwo àkàrà tí ó wà lọ́wọ́ mi. Ó tún sún mọ́ etí ọkọ rẹ̀.

"Ohun kan náà!"

Àwọn arúgbó náà kò lè mú un mọ́ra mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tí ó kó wọn wá fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rántí ibi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n Tomezo kò rẹ́rìn-ín. Inú bí i ni. Ó ní kí ni òun ṣe tí wọ́n fi fẹ́ sún òun kúrò. Hatsue náà bínú, ó ní òun tí òun ń se oúnjẹ, tí òun ń fọ aṣọ, òun ni ẹnì kan ń fi sun òrìṣà nítorí ìgbálẹ̀. Wọ́n wá ń jà lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ rò ó. Tomezo ní láti ọjọ́ ọdún tuntun ni òun ti ní i lọ́kàn. Hatsue ní irọ́ ni, pé bí ó bá ti ní i lọ́kàn láti ìgbà yẹn, gbogbo àdúgbò ni ìbá ti gbọ́.

Ariwo yìí ni ó mú Àwòrò Usami jáde, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí aṣọ funfun rẹ̀ máa ń fẹ́ bí ìgbòkun. Hatsue tẹrí ba fún un, ó sì ro ẹjọ́ náà láìfi ohunkóhun pamọ́. Ó ní kí Bàbá Àwòrò dá a fún àwọn: nígbà tí tọkọtaya méjèèjì bá tọrọ ohun kan náà, ǹjẹ́ òrìṣà kì í yára ṣe é ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Àwòrò Usami fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní ó dun òun láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bàbá àgbà òun ti sọ ìdí ọ̀rọ̀ náà fún òun. Àwọn apẹja àtijọ́ ni wọ́n dá ìtàn owú yẹn sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ máa mutí níhìn-ín lọ́jọ́ ọdún òrìṣà, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn ìyàwó wọn tẹ̀lé wọn wá. "Ìyá wa ń ṣọ́ ọkọ̀, ó sì ń fún wa lẹ́ja," ó ní. "Kò bá tọkọtaya kankan jà. Èmi àti ìyàwó mi ti ń gbé níwájú rẹ̀ láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Ká ní ó mọ̀ ọ́n ṣe ni, ṣé ẹ rò pé mi ò ní ti bẹ̀ ẹ́?"

"Mo gbọ́ o," ìyàwó rẹ̀ wí láti ojú fèrèsé tí ó ti ń ta oògùn ìṣọ́ra.

Àwòrò Usami ní àwàdà ni òun ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ pa fèrèsé náà dé.

Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, bí ẹni tí wọ́n lé kúrò ní ọ́fíìsì ni wọ́n rí. Wọ́n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi lórí bẹ́ǹṣì kan náà, èyí tí ẹnì kan ṣoṣo máa ń dá jókòó sí láti dúró de èkejì. Mo fún wọn ní tíì. Lẹ́yìn náà Hatsue bi ọkọ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ariwo ti lè ṣe pẹ̀lẹ́ tó, pé báwo ni ibùsùn tí ó ń sọ yẹn ṣe rí.

Tomezo gbé ife sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wọn bí ó ṣe fẹ̀ tó, kò sì fẹ̀ rárá. Ó ní páìpù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí tí ó máa ń gbóná nígbà òtútù, fèrèsé rogodo kan wà lókè, fọ́tò kan sì wà lára ògiri.

Hatsue bi í pé fọ́tò ta ni.

"Tìẹ. Èyí tí o ti ń ṣẹ́jú sí oòrùn, tí ẹja wà lẹ́yìn rẹ."

"Èyí yẹn ò dáa. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí."

Mo yíjú sí èédú mi, mo ń fẹ́ iná tí kò nílò fífẹ́. Ìgbà tí mo tún wò wọ́n, Hatsue ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ahéré àwọ̀n tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọgbà wọn, lẹ́yìn igi, èyí tí bàbá Hatsue ń lò kí ó tó kú. Ó ní òrùlé rẹ̀ ń jò, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti bọ́, eku ti jẹ apá kan nínú ilẹ̀ pákó rẹ̀. Bí ó ṣe ń to àbùkù rẹ̀ ni ojú Tomezo ń mọ́lẹ̀ sí i. Ó bi í pé ta ni yóò máa gbálẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò ní gbálẹ̀," Hatsue wí.

Ọjọ́ kejì ni ìró òòlù bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sùn àsùnpẹ́ ní àdúgbò wa títí òjò ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru fi rọ̀. Tomezo kan ibùsùn tóóró. Ó gbé sítóòfù kékeré kan wọlé, ó fa páìpù rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ orí ibùsùn. Ó rí fèrèsé rogodo níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù. Bí ó bá ti jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán, á dé fìlà, á lọ sí ahéré rẹ̀, a ò sì ní rí i mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Nírọ̀lẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ńlá, á bọ́ bàtà, á ké pé, "Mo ti dé." Hatsue á ní, "Ẹ káàbọ̀." Wọn a jókòó jẹun, ọ̀rọ̀ sì máa ń pọ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì, nítorí pé wọn ò tíì ríra láti òwúrọ̀. Tomezo a máa ròyìn ohun tí ó rí lójú fèrèsé. Ológbò ni ó sábà máa ń jẹ́.

Ọmọ wọn obìnrin sáré dé láti Nagoya nígbà tí ẹnì kan sọ fún un pé àwọn òbí rẹ̀ ti pínyà. Ó sunkún ní ẹnu ọ̀nà kí ó tó bọ́ bàtà tán. Hatsue mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó na ìka sí ahéré, ó ní, "Wò ó. Ibẹ̀ yẹn ni bàbá rẹ kó lọ." Ọmọ náà nu ojú, ó wo èéfín tí ó ń jáde lórí páìpù, ó sì bi í bóyá wọ́n ti jẹun.

Gbogbo àlàyé tí Àwòrò Usami ṣe kò ràn án lọ́wọ́. Òkìkí ti kàn ní èbúté pé tọkọtaya kan gòkè lọ pọ̀, pé kí ọjọ́ kejì tó ṣú, ọkọ ti kó jáde nílé. Àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n lọ́wọ́ wá, láti Namiura àti láti ìlú tí mi ò mọ̀ rí. Àwòrò Usami máa ń jáde wá sọ fún wọn pé òrìṣà kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn a tẹrí ba fún un, wọn a sì kọjá lọ fa agogo. Ní tèmi, mo ra bẹ́ǹṣì sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e fún ọdún púpọ̀, wọn ò sì ní kí òrìṣà ṣe ohun mìíràn fún àwọn mọ́. Ní ìgbà òtútù kan, Tomezo wá jẹun alẹ́, ó mu ọbẹ̀ rẹ̀ tán, ó ní ọbẹ̀ náà dáa, ó sì sùn lọ níbi tí ó jókòó sí. Hatsue kò jí i. Ó fi kúbùsù bò ó, ó jókòó tì í, ó ń tún ìbọ̀sẹ̀ ṣe, ó sì pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ó ti lọ. Níbi ìsìnkú, ó sọ fún mi pé ọkọ òun kò ṣàríwísí oúnjẹ náà rárá, pé ó yẹ kí òun ti fura.

Hatsue ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ó sì ń la ẹja síbẹ̀. Lọ́dọọdún ni ọmọ rẹ̀ ń gbé mọ́tò wá pé kí ó jẹ́ kí àwọn jọ máa gbé ní Nagoya, pé yàrá rẹ̀ ti wà nílẹ̀, tí ó tóbi, tí ó móoru. Ní ìgbà ìkẹyìn tí ó wá, mo wà níbẹ̀. Hatsue di ẹja gbígbẹ fún un, ó fi okùn so ó, ó gbé e sórí ìjókòó ọkọ̀.

"Yàrá náà ò ní àbùkù," ó ní. "Àmọ́ ṣé ẹ ó máa wà nílé lọ́sàn-án?"

Ọmọ náà ní ọkọ òun yóò fẹ̀yìn tì láìpẹ́, nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni, ẹnì kan yóò máa wà nílé ní gbogbo ìgbà.

Hatsue pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé, ó sì ní kí wọ́n máa rọra lọ lójú ọ̀nà.